Ohun Tí Ìyá Mi Sọ Nípa Fíìmù Náà

Nínú gbogbo ohun tí àwọn òǹwòran kọ nípa fíìmù náà, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ èdè Yorùbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta, wọ́n fún oníkálukú ní páálí pélébé kan àti pẹ́ńsùlù kékeré lẹ́nu ọ̀nà sinimá, kí wọ́n lè kọ èrò ọkàn wọn síbẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kó àwọn páálí náà jọ nígbà tí eré bá parí. Mo ń kó wọn, mo ń kà wọ́n lórí ìdúró. Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun sùn. Ẹnì kan bi wá bóyá orí wa pé. Ọmọ kékeré kan ya ìyá arúgbó inú fíìmù náà sí ẹ̀yìn páálí tirẹ̀, ó gbé asẹ́ lé e lórí, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá náà jọ ìyá àgbà òun. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ títí mo fi dé ìlà àga tó kẹ́yìn, níbi tí mo ti rí èyí tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀:

“Irú ọmọ wo nìwọ tí ò ń sin ìyá rẹ láàyè?”

Kò sí orúkọ níbẹ̀. Títí di òní mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo wò yíká, gbogbo àga ti ṣófo. Mo ki páálí náà sínú bàtà mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí mo fi délé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òótọ́: ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́ mọ́ mi.

*

Ọmọ Àrán-Ọ̀rin ni mí. Tíṣà ni mí nílé. Ìyá mi ń dáko iṣu, ó tún ń hun kíjìpá, aṣọ òwú nípọnnípọn tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa máa ń hun lórí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Ọmọ méjì péré ló yè fún ìyá mi, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, Súnkànmí. Mo ti relé ọkọ rí, mo lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, mo sì padà sílé ìyá mi lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí àǹfààní àtilọ kàwé sí i ní Lọ́ńdọ̀nù yọ, mo ní ìwé ni mò ń bá lọ. Ojú àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń sá fún, kí n má purọ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ìyá mi gbé kíjìpá kan fún mi, aláró tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kí n máa fi bora bí òtútù bá mú mi. Ó ní, “Ọdún mélòó?” Mo ní, “Ọdún mẹ́ta, Ìyá mi.” Ó ka mẹ́ta náà sórí ìka ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì dì wọ́n mú, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe dúró títí ọkọ̀ wa fi gbéra.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ẹni tó ti rin ìrìn náà rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín rí kò ní gbà mí gbọ́.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni ti ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ fún àwọn ilé ìwòsàn. Ìwé tí mo ní mò ń bá lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mò ń kà á, oorun ló sì máa ń bá mi kà á. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ìlú náà kì í ṣe òtútù. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ni. Wọ́n á dé lókìtì lókìtì, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn, èèyàn ò lè mọ̀ bóyá ẹni tó sùn lé wọn ti gbádùn tàbí ó ti kú. Nílé wa, bí o bá kọjá lára aláìsàn tí o ò kí i, ó di ọ̀rọ̀. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí kí aṣọ. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ara á yá o.” Obìnrin ará Jàmáíkà tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé àdúrà ni mò ń gbà, ó sì máa ń ṣe “Àmín.” Báyìí la ṣe ń bá a lọ, èmi ń kí aṣọ, òun ń ṣe àmín, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.

Bí mo bá pàdé ọmọ Yorùbá lójú ọ̀nà, inú mi á kọ́kọ́ dùn. Wọ́n á bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní Àrán-Ọ̀rin, nítòsí Òmù-Àrán. “Ìpínlẹ̀ wo nìyẹn?” Mo ní Kwárà. “Háà, ará Òkè Ọya! Báwo lẹ ṣe wá gbọ́ Yorùbá tó báyìí?” Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí ju ohunkóhun tí òyìnbó sọ sí mi lọ. Nígbà òmìnira, mo wà ní iléèwé, ìwé ìjọba ń pè wá ní ará Àríwá. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, mo ti di tíṣà, èmi gan-an ni mo kọ orúkọ tuntun náà sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rò pé àlàyé ti parí nìyẹn. Mo wá dé Lọ́ńdọ̀nù, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ara mi fún ẹni tó ń jẹ iyán bí èmi.

*

Ọdún mẹ́ta pé, mi ò lè lọ sílé. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba, bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́, ìwé tí mò ń kà kò sì tíì yọrí sí nǹkan kan. Súnkànmí kọ̀wé pé ìyá wa béèrè bóyá mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ka mẹ́ta.

Lásìkò náà ni ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe àmín yẹn sọ fún mi pé àwọn kan ń wá ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò. Mo débẹ̀, mo bá yàrá gbàgìdì kan tó kún fún bèbí. Fíìmù ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Wọ́n fi igi àti wáyà ṣe bèbí. Wọ́n á sún ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Wọ́n á tún sún un díẹ̀, wọ́n á tún yà á. Bí wọ́n bá wá fi gbogbo fọ́tò náà sáré kọjá lójú ẹ, bèbí á máa rìn. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan kì í ju ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń sín lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mo kọ ọ́ sí Súnkànmí. Ó dá mi lóhùn pé gbogbo ẹni tí òun kà á fún ló rẹ́rìn-ín, àfi ìyá wa. Ìyá wa ní iṣẹ́ òfì náà kò yàtọ̀ sí i, fọ́nrán kan lẹ́yìn fọ́nrán kan.

Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń gbàgbé láti jẹun. Òun ló ro ìtàn náà. Ìyá arúgbó kan yá asẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Kó tó dá a padà, aládùúgbò ti kó lọ sí ìlú òkèèrè. Ìyá gbé asẹ́ lérí, ó ń wá a lọ. Ó la odò tí wọ́n fi bọ́tìnnì ṣe kọjá, ó gba inú igbó tí gbogbo igi ibẹ̀ jẹ́ agbòjò, ó gun òkè búrẹ́dì. Kò sí ọ̀tá, kò sí ìjà, kò sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan. Kò tilẹ̀ débi tó ń lọ. Ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó gbé asẹ́ lé itan, ó sì parí síbẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló ní irú fíìmù ìrìn àjò wo lèyí.

Èmi ni mo rán aṣọ fún ìyá náà. Aṣọ tí wọ́n rà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó ń dán jù. Mo bá mú kíjìpá ìyá mi wá láti yàrá mi, mo gé etí rẹ̀ kan, mo fi rán ìró àti ìborùn. Nígbà tí mo ró o fún bèbí náà tán, mo rí i pé ìyá mi ló dúró síwájú mi, tí kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọlé láàárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí bèbí kí n tó bọ́ kóòtù. Ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbà.

*

Fíìmù kù díẹ̀ kó parí nígbà tí lẹ́tà Súnkànmí dé. Ìyá ṣubú lọ́nà oko, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ibà sì tún gùn ún. Kò sí tẹlifóònù ní Àrán-Ọ̀rin nígbà náà. Bí mo bá fẹ́ gbóhùn wọn, mo ní láti kọ lẹ́tà ṣáájú, kí wọ́n lè wá jókòó dè mí ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan ní Òmù-Àrán ní Sátidé tí a bá dá. Mo pè ní Sátidé àkọ́kọ́, ó ń dún, kò sí ẹni tó gbé e. Mo pè ní ìkejì. Mo pè ní ìkẹta. Mo dúró nínú àpótí tẹlifóònù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń kan gíláàsì, ó ń dún, ó ń dún. Ó wá dá mi lójú pé ìyá mi ti kú, tí wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ọ̀gá pè mí. Ó ní òun fẹ́ ohùn èèyàn kan ṣoṣo nínú fíìmù náà, ní ìparí, nígbà tí ìyá bá jókòó. Ó ní, “Kí làwọn èèyàn yín máa ń sọ fún arúgbó tó ti rìn títí, tó fẹ́ sinmi?” Wọ́n gbé ẹ̀rọ síwájú mi, wọ́n tan àwòrán sára ògiri. Mo rí i nínú kíjìpá rẹ̀ lábẹ́ igi. Mo la ẹnu, ohun tó jáde nìyí:

“Àbẹ̀ní, ọmọ ahunṣọ-bo-àlejò, o ti ṣe é, ó tó gẹ́ẹ́. Ó dìgbéré, ó dojú àlá. Má jọ̀kùn o, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí o bá wọn jẹ.”

Àbẹ̀ní ni oríkì ìyá mi. Ọ̀rọ̀ yòókù, òkú là ń sọ ọ́ fún. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé òkú dé etí kòtò nílẹ̀ Yorùbá kò ní ṣì í gbọ́.

Mo mọ̀ ọ́n bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi. Mo yíjú láti sọ pé kí wọ́n pa á rẹ́, kí n tún òmíràn sọ. Mo bá rí i pé ọ̀gá ń nu ojú. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ yọ ohun tó fi dí etí, ó dìde, ó sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti lò ní ìlú yẹn, kò tíì sí ẹnì kan tó pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí àtẹ́wọ́ ọkùnrin kan ni mo ṣe pa ẹnu mi mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé tẹlifóònù. Oníkẹ́míìsì ló lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ tó sì ti ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ń pariwo sínú ẹ̀rọ bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò: “Ṣé ò ń jẹun? Ẹsẹ̀ mi ti ń fà díẹ̀díẹ̀ o! Mo wà o!” Mo gbé orí lé gíláàsì, mo sunkún débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn mi kò kan ilẹ̀kùn mọ́.

Ó yẹ kí n lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé, kí n ní kó gba ohùn náà sílẹ̀ lákọ̀tun. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, ta ni yóò mọ̀? Ta ló gbọ́ èdè wa nínú wọn? Mo padà sídìí abẹ́rẹ́ mi.

*

Lẹ́yìn tí mo rí páálí ọjọ́ yẹn, mo sáré lọ bá ọ̀gá. Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ti kó fíìmù náà lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Ọ̀gá tú àwọn páálí sórí tábìlì, ó ń kà wọ́n sí mi létí. Ẹnì kan ní òun ò lóye fíìmù náà rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbọ́ ohùn ìparí, òun jáde lọ pe ìyá òun. Ẹnì kan ní ohùn yẹn nìkan ni kò jẹ́ kí òun bínú. Ọ̀gá ní, “Ṣé o rí i?” Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, ọ̀kùn àti ekòló àti gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́, ó ṣíjú wò mí, ó ní ó dára gan-an ni. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé dídára rẹ̀ gan-an ni wàhálà.

Olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Lọ́ńdọ̀nù ni Bùrọ̀dá Délé, ọkùnrin ọlọ́yàyà tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ṣòfò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má wulẹ̀ wá wo fíìmù náà. Ó wá. Mo jókòó tì í kí n lè rí ojú rẹ̀ nígbà tí ohùn mi bá dé. Ìyá kò tíì dé odò bọ́tìnnì tí Bùrọ̀dá ti ń han-an-run. Nígbà tí iná tàn, ó na ara, ó ní, “Ó dáa o! Ẹ kú iṣẹ́! Àmọ́ ìyá arúgbó wo ló máa rin gbogbo ọ̀nà yìí nítorí asẹ́? Ṣé kò lọ́mọ tó lè rán ni?”

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mo délé, mo jókòó sórí ibùsùn mi pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ó lọ́mọ. Ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń rán aṣọ fún bèbí.

Nígbà tí fíìmù náà di fídíò, Bùrọ̀dá Délé ra káséètì kan. Mi ò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ fún mi nílé pé ó ti lọ sílé fún Àjíǹde, pé ó ní kí n máa múra ìyìn sílẹ̀, torí gbogbo Àrán-Ọ̀rin ló máa rí iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sáré jáde láìwọ bàtà tó bára mu. Mo pe oníkẹ́míìsì. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ ránṣẹ́ sí Súnkànmí fún mi. Ẹ ní kí wọ́n má ṣe fi fíìmù yẹn han ìyá mi.”

“Fíìmù wo? Èyí tí gbogbo wa ń lọ wò? Àní mo ti ní kí wọ́n fi àga sílẹ̀ fún mi! Ṣé ìwọ gan-an nìyí? Ọmọ wa, o káre! O gbé wa ga!”

“Bàbá, ẹ gbọ́ mi—”

“Mò ń gbọ́ ọ! A ó rí ọ lójú ẹ̀rọ o!” Ó gbé e sílẹ̀. Mo pè títí ọwọ́ mi fi wú, kò sí ẹni tó gbé e mọ́. Ó ti lọ wá àga rẹ̀.

*

Súnkànmí ló kọ bó ṣe lọ fún mi. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n lé orí tábìlì tí àwọn akọrin ń kó ìwé orin lé, jẹnẹrétọ̀ ń dún níta. Ìyá wa jókòó níwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó pásítọ̀, wọ́n ti gbé àga tìmùtìmù fún un nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọdé pariwo nígbà tí òkè búrẹ́dì yọ. Àwọn àgbẹ̀ ń jiyàn bóyá asẹ́ náà tó ohun tí èèyàn ń rìn tìtorí rẹ̀. Bí ohùn mi ṣe wọlé, obìnrin kan ké “Yéè!” Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí wa dìde fúnra rẹ̀, ó jáde, ó sì lọ pa jẹnẹrétọ̀.

Gbogbo èrò ọkàn ìlú wà nínú lẹ́tà yẹn, kò sì sí èyí tí Súnkànmí fi pa mọ́ fún mi. Pásítọ̀ ní ẹnu ọmọ ìjọ ò yẹ kó máa sọ ọ̀rọ̀ ọ̀kùn àti ekòló. Àwọn kan ní àwọn òyìnbó ló fi nǹkan bọ́ mi. Àwọn kan ní ẹni tí kò bímọ, kí ló mọ̀ nínú ohun tí ìyá í ṣe? Olórí ẹbí ní ohun kan ṣoṣo ló kù: kí èmi tí mo sọ ọ́ fẹsẹ̀ ara mi wá, kí n kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi lójú gbogbo ẹbí, kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí nǹkan bá ṣe Àbẹ̀ní, èmi ni. Ìyá wa wá ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó rìn lọ sílé.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé mi, mo fẹ́ lọ bẹ ìyá mi. Wọ́n ní kí n máa retí lẹ́tà. Mo di ẹrù, mo tú u. Mo tún dì í. Bí mo bá lọ, èmi ni ọmọ tó sin ìyá rẹ̀ láàyè tó sì padà wá lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀kejì. Bí mi ò bá lọ, èmi ni ọmọ tó sin ín tí kò tilẹ̀ wá wo ojú rẹ̀. Ìlú méjì ni mo ní, kò sí ọ̀kan tí mo lè dúró sí nínú wọn. Mi ò jẹun. Mi ò lè wo kíjìpá tó kù. Mo ká a, mo ti í sábẹ́ ibùsùn. Ní ibi iṣẹ́, mo máa ń gba ẹ̀yìn kọjá kí n má bàa rí ojú bèbí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Súnkànmí wá kọ ìlà kan péré: Ìyá ní kí n pe òun ní Sátidé tó ń bọ̀.

*

“Ìyá mi, ẹ dárí jì mí—”

“Dúró ná. Mo wo fíìmù rẹ.”

“Ìyá mi, ẹ̀rù ló bà mí, mo rò pé—”

“Mo ní mo wo fíìmù rẹ. Gbogbo ayé ló ti sọ tiwọn. Ṣé o ò fẹ́ gbọ́ tèmi ni?”

Mo fi tẹlifóònù mọ́ etí.

“Asẹ́ yẹn ń dùn mí. Ẹni tó yá nǹkan olóhun kì í jókòó sójú ọ̀nà. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ó yẹ kó jẹ́ kó débẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo mọ aṣọ mi. O gé e.”

“Mo gé e, Ìyá mi.”

“O ò ṣẹ́ etí rẹ̀ dáadáa. Mo rí i tó ń tú lórí òkè yẹn.” Ó wúkọ́, mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ tó kan ilẹ̀. “Àwọn ará ilé ń bínú sí ọ. Mo ní kí ni wọ́n ń bínú sí? Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Láti ọdún tí o ti lọ, mi ò sùn dáadáa. Mo máa ń sọ fún ara mi pé èmi yóò kú, ohùn ọmọ mi obìnrin ò ní sí níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ báyìí. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ìyá wo ló tún gbọ́ tirẹ̀ rí?”

“Ìyá mi, mò ń bọ̀ nílé. Ìwé mi ń bọ̀.”

“Má tàn mí.” Kò le ohùn mọ́ mi. “Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o fò. O ní kí n má jọ̀kùn, o ní kí n má jekòló. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí, o ò sọ ibi tí mo máa yà sí. Bí àwọn àgbà bá ń sọ ọ́, wọ́n á ní, ‘Tètè padà wá yà lọ́dọ̀ wa.’ O ò ní kí n wá yà lọ́dọ̀ rẹ. Ṣé torí pé ọ̀nà jìn ni?”

Ó dúró dè mí. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, mo sì ń gbọ́ tí ẹnì kan ń béèrè oògùn ibà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì.

“Ó dáa,” ó ní. “Máa rò ó.”

*

Ọdún mẹ́ta ni ìyá mi tún lò sí i. Ó tún ka ìka mẹ́ta. Ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ní àárọ̀ ọjọ́ tí Súnkànmí pè mí pé Ìyá ti lọ.

Ìyá ti fi àṣẹ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n síta níwájú ilé, wọ́n tan ìparí fíìmù náà nìkan, kí wọ́n tó gbé pósí. Olórí ẹbí, ẹni tó pa jẹnẹrétọ̀ níjọ́sí, òun ló ní kí wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè sí i. Mo bi Súnkànmí lórí tẹlifóònù pé kí làwọn èèyàn sọ. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́.

“Wọ́n ní ohùn náà dára, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ẹ ò sunkún.”

Mo fa kíjìpá yọ lábẹ́ ibùsùn. Etí tí mo gé ti tú wọ inú rẹ̀ dáadáa. Mo tẹ́ ẹ lé itan mi nínú ilé ìdáná, oòrùn ọ̀sán wà lójú fèrèsé, mo sì sọ èyí tó kù:

“Àbẹ̀ní, tètè padà wá. Wá yà lọ́dọ̀ mi. Bí o bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, má tẹ̀lé èrò, ọwọ́ òsì ni kí o yà. Wàá rí ilé oníbúrẹ́dì, wàá kọjá rẹ̀. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni. Gun àtẹ̀gùn dé ìkejì. Má kanlẹ̀kùn, mi ò tì í.”

Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa nígbà náà. Kò sí ọkọ nínú ilé yẹn, kò sí ọmọ, kò sí ẹni tó lè gba ọ̀nà ara rẹ̀ padà wá sáyé lọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún ọ̀nà náà sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa ṣìnà.